Olófòófó Inú Ilé Yìnyín

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì

Àbúrò mi pè mí kí n tó fọ ẹnu. Kò tilẹ̀ kí mi, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Àǹtí mi, Olófòófó yín tún ti pariwo o! Gbogbo wa sá jáde nílé yìnyín bí ẹni tí wọ́n ń lé. A dúró nínú oòrùn títí, máníjà wọlé lọ wò ó, kò sí gáàsì kankan tó jò."

Ìgbà kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo béèrè bóyá wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ńlá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ tó ń kó yìnyín ló dé. Ooru ló wọlé tọ ẹ̀rọ mi lọ nìyẹn, ẹ̀rọ mi sì pè é ní gáàsì.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ tí a so ẹ̀rọ náà mọ́ ògiri ni àbúrò mi ti sọ ọ́ ní Olófòófó, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n olófòófó tó ń parọ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìnyín ṣíṣe yìí ṣáájú àbúrò mi, gáàsì tó ń mú omi di yìnyín ló bà á lójú jẹ́. Imú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti mọ òórùn rẹ̀ débi pé wọn kì í tètè gbọ́ ọ mọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ṣe ẹ̀rọ náà. Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò sì ní tìtorí ooru fi í sílẹ̀ fún gáàsì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Máníjà ilé yìnyín ránṣẹ́ pè mí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í jágbe mọ́ èèyàn, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù lára rẹ̀. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi tútù, ó wá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wò ó, madam, àwọn òṣìṣẹ́ mi ò gba nǹkan yín gbọ́ mọ́. Ìgbà tó pariwo kẹ́yìn yẹn, àwọn kan ń rọra rìn jáde bí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn èèyàn ò ní ra yìnyín tó báyìí mọ́, a máa pa ẹ̀rọ wa ká tún wọn ṣe. Tí tiyín bá ṣì ń parọ́ dìgbà yẹn, mo máa já a kúrò lára ògiri. Ẹ má bínú."

Mo ní mi ò bínú. Mo bínú délé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jáde, mo wojú ọ̀run, oòrùn ń ràn gan-an, kò sí ibi tí òjò ti fẹ́ wá. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi rèé tí mo dúpẹ́ fún ooru.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màámi ń parí fìlà òwú pupa tó ń hun fún àbúrò mi. Ó ní òtútù inú ilé yìnyín yóò gbé etí ọmọ òun lọ. Ó ń hun lọ, ó bi mí pé kí tiẹ̀ ni nǹkan tí mò ń bá jà láti ọjọ́ yìí.

Mo ní, "Òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú ẹ̀, Màámi. À ń rán ohùn kan gba orí ẹ̀ kọjá, ohùn tí etí èèyàn ò lè gbọ́. Tí gáàsì bá bà lé òkúta yẹn, ohùn náà ò ní lè yára mọ́, á máa wọ́ ẹsẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé gáàsì ti dé."

"Ooru wá ńkọ́?"

"Ooru náà ń mú kó máa wọ́ ẹsẹ̀."

"Ẹ̀rọ yín ò wá mọ èwo lèwo."

"Kò mọ èwo lèwo. Torí náà, a fi tẹmómítà sí ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn, mo sì ń kọ́ kọ̀ǹpútà kan láti máa wò ó. Kó mọ èyí tó jẹ́ ti ooru, kó yọ ọ́ kúrò, kí èyí tó bá kù jẹ́ ti gáàsì."

"Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà?"

"À á máa fi àpẹẹrẹ hàn án ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpẹẹrẹ, títí á fi dá a mọ̀ fúnra ẹ̀."

"Bí mo ṣe kọ́ ìwọ náà ní òwú híhun nìyẹn," Màámi fèsì, "o ò sì mọ̀ ọ́n títí dòní."

Akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi àti Bàbá Ṣúgà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pe ètò kọ̀ǹpútà yẹn. Mo gbàdúrà kó mọ̀wé jù mí lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

A ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí yan ara wa níwájú ààrò oníná tó wà ní yàrá iṣẹ́. Bàbá Ṣúgà ló ń tọ́jú ààrò, èmi ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Bàbá yìí ti wà nídìí wáyà àti iná láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíì rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí ń dá dúró nínú rẹ̀. Ìyá Olófòófó ló ń pè mí.

Láràárọ̀, à á gbé ẹ̀rọ sínú ààrò, à á rọra mú un gbóná, Akẹ́kọ̀ọ́ á máa wo tẹmómítà àti ohùn bí wọ́n ṣe ń yí padà. Tó bá ti gbóná dé òkè, a pa iná, ó di ilé. Kí ààrò yẹn tó tutù, ó ń fẹ́ sùúrù tí èmi àti bàbá yìí kò ní.

Lónìí, a fi oríṣiríṣi ooru tí Akẹ́kọ̀ọ́ kò rí rí dán an wò. Kò ṣì í rárá. Bàbá Ṣúgà dìde, ó jó, bàbá tó ń kérora orúnkún láti àárọ̀!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

A gbé Akẹ́kọ̀ọ́ sínú Olófòófó, a dá a padà sára ògiri ilé yìnyín. Àbúrò mi dé fìlà pupa rẹ̀, ó rẹwà, mi ò sọ fún un kí orí rẹ̀ má wú. Máníjà ní kí Ọlọ́run fi àṣeyọrí sí i. Mo ní àmín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ooru ń pa èèyàn, yìnyín ti gbówó lórí, ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde. Kò pariwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kò tíì pariwo o! Mo ra bàtà tuntun fún ara mi. Mo ti sọ fún Màámi, mo ti sọ fún ìyàwó alágbàfọ̀ tí kò bi mí. Bàbá Ṣúgà ní kí n rọra, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó mu tíì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mi ò tíì bínú báyìí láti ìgbà tí mo ti dáyé.

Mo lọ kí àbúrò mi níbi iṣẹ́, mi ò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Mo wọ ilé yìnyín, mo gbójú sókè síbi tí Olófòófó wà, fìlà pupa ni mo rí. Fìlà Màámi. Ẹnì kan ti fi bò ó, ó fà á wálẹ̀ dáadáa bí ìgbà tí wọ́n bá ń dé fìlà fún ọmọ tuntun. Mo yíjú padà, àbúrò mi ló dúró lẹ́yìn mi yìí, orí rẹ̀ lásán nínú òtútù.

"Kí lèyí?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí lèyí!"

"Ọjọ́ tí ẹ so ó yẹn náà ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, inú yín ń dùn, ẹ̀yin àti máníjà ń sọ̀rọ̀ níta. Ó ti ń ṣe pí, pí, pí. Mo bá bọ́ fìlà mi, mo fi bò ó. Ó sì dákẹ́."

"O bò ó!"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọwọ́ mi ti lọ sókè kí n tó rántí pé ó ti ga jù mí lọ. Mo bú u. Mo sunkún. Mo tún bú u. Mo ní tí gáàsì bá jò nígbà tí fìlà wà lórí ẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa sọ fún un? Ó ní òun ò rò ó débẹ̀. Kò rò ó débẹ̀! Ó fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ bo àṣírí mi, ọmọ ìyá mi.

Mo ṣí fìlà kúrò. A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dé, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, tí wọ́n kó yìnyín. Olófòófó dákẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó fi ariwo bọnu. Máníjà yọjú wò mí, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo tú Olófòófó kúrò lára ògiri, mo gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́. Mo ti bọ́ bàtà tuntun yẹn sínú páálí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta

Mi ò gbé ìpè àbúrò mi. Ó pe Màámi, Màámi gbé fóònù wá síwájú mi. Mo ní mò ń fọ abọ́. Màámi sọ sínú fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ń fọ abọ́ kan náà láti àná, ọmọ mi. Má dá a lóhùn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Kí n rọra kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀, mo ní kí Bàbá Ṣúgà fi ìbọ̀sẹ̀ òwú bo ẹ̀rọ kejì tó wà ní yàrá iṣẹ́, kó wá ṣí ìgò gáàsì kékeré sí i. Mo fẹ́ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ṣe burú tó. Ó burú. Ó pẹ́ gan-an kí gáàsì tó gba inú òwú wọlé dé ibi òkúta. Mo jókòó.

Bí mo ṣe jókòó yẹn, ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lọ́kàn. Fìlà ń dá gáàsì dúró, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí gáàsì nílé yìnyín lọ́jọ́ tí àbúrò mi bò ó. Irọ́ ni Olófòófó ń pa lọ́jọ́ yẹn. Kí ni fìlà wá dá dúró tí irọ́ náà fi tán?

Afẹ́fẹ́ ni! Mo ṣí gbogbo ohun tí Olófòófó kọ sílẹ̀ nígbà tó wà lábẹ́ fìlà. Tẹmómítà àti ohùn jọ ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n jọ ń sọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo wo ti ọjọ́ tí mo ṣí fìlà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ tútù kọ lu tẹmómítà, ó tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òkúta tó wà nínú ilé irin rẹ̀ ṣì gbóná. Akẹ́kọ̀ọ́ wo tẹmómítà, ó rí i pé ó tutù, ó ní kò sí ooru níbí, nítorí náà tí ohùn bá ń wọ́ ẹsẹ̀, gáàsì ló fà á. Kò mọ̀ pé ooru àtijọ́ ṣì wà nínú òkúta.

Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Èmi àti Bàbá Ṣúgà, tí ààrò bá ti gbóná tán, a ti gba ilé lọ. A kọ́ ọmọ náà ní gígun òkè, a ò kọ́ ọ ní sísọ̀kalẹ̀ rí.

Mo pariwo débi pé tíì Bàbá Ṣúgà dà sí i lẹ́sẹ̀. Mo pe àbúrò mi.

"Fìlà ẹ yẹn," mo bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí mi, mo ti bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí."

"Dákẹ́. Ó ti ràn mí lọ́wọ́. Ṣé ó máa ráàyè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta? Gbé yìnyín wá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ó gbé kúlà méjì tó kún fún yìnyín wá, ó gbé búrẹ́dì wá, ó sì jẹ búrẹ́dì náà fúnra rẹ̀. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ẹ̀rọ jáde nínú ààrò, kó kì í bọ inú kúlà, kó tún gbé e padà. Bàbá Ṣúgà ń pariwo, "Tètè, Ọkọ Yìnyín, tètè!" Àbúrò mi ń sáré, ó ń kọ orin tí kò mọ̀, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ dí ibi tí kò mọ̀ níbẹ̀. Omi kún gbogbo ilẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ rí gbígbóná, ó rí títutù, ó rí èyí tó yára àti èyí tó ń fi falẹ̀. A ti yí bí ó ṣe ń wo nǹkan padà pẹ̀lú. Kò ní máa wo ibi tí ooru wà báyìí nìkan, yóò máa wo ibi tí ooru ti ń bọ̀ láti ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn.

Nígbà tí àbúrò mi ń nu ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ṣì ń bínú?" Mo ní kó nu abẹ́ tábìlì dáadáa. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí ju bí mo ṣe ń jẹ́ kó mọ̀ lọ, èyí tó sì mọ̀ náà ti pọ̀ jù fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

A mú un gbóná, kò pariwo. A kì í bọ yìnyín, kò pariwo. A yọ̀. Bàbá Ṣúgà ṣí ìgò gáàsì sí i ká lè gbọ́ ohùn rẹ̀, kò pariwo. Ó dákẹ́ fọ́nfọ́n. Gáàsì wà níwájú rẹ̀, òórùn rẹ̀ lé èmi àti Bàbá Ṣúgà síta, Olófòófó ò sọ nǹkan kan.

Mo dúró níta, omijé gáàsì àti omijé ti ara mi ò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ yìí burú ju fìlà lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

A rí i. Nígbà tí a ń ní kí Akẹ́kọ̀ọ́ máa wo ohun tó ti kọjá sẹ́yìn, a jẹ́ kó máa wo ti tẹmómítà àti ti ohùn fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣe ohùn ló wá ń kà mọ́ ooru, ó ń yọ gáàsì dànù mọ́ ọn. Ọ̀ràn ẹni tí a ní kó gbọn eruku, tó gbọn ọmọ mọ́ ọn!

Láti òní lọ, tẹmómítà nìkan ni yóò máa wò láti mọ ti ooru. A tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ooru, ó dákẹ́. Yìnyín, ó dákẹ́. Gáàsì, ó pariwo tí a fi di etí. Bàbá Ṣúgà ní ariwo yẹn dùn ju orin àbúrò mi lọ, kò sì parọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò ṣú láàárọ̀, ààrá sán, kò rọ̀. A sáré lọ so Olófòófó. Máníjà nàka sókè, ó ní, "Ó ti ń bọ̀ o, madam." Mo ní mo rí i, sà.

Mo fa àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti búra pé òun ò ní bò ó mọ́. Mo ní, "Tó bá wá pariwo ńkọ́?"

"Màá sá."

"Tí àwọn tó kù bá jókòó ńkọ́?"

"Màá sá, Àǹtí mi, màá sá."

Bí ó ṣe wò mí yẹn, mo mọ̀ pé ó kàn ń pẹ̀tù sí mi nínú ni. Ó ti sá lásán tó ìgbà mélòó! Mo lè tún ẹ̀rọ ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi tún ìgbàgbọ́ ọmọ yìí ṣe?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Òjò àkọ́rọ̀! Ó fi ìjì ṣáájú, ó dà bí ẹni pé wọ́n dojú garawa délẹ̀. Ayé tutù lójijì. Àárín ìgbà tí wọ́n ń kó yìnyín sínú ọkọ̀ ló dé, ilẹ̀kùn ńlá wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ òjò gba inú ilé kọjá. Àbúrò mi pè mí, mi ò fẹ́ gbé e.

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́ Olófòófó!"

Ó na fóònù sókè sí i. Ariwo òjò lórí páànù nìkan ni mò ń gbọ́.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," mo ní.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kò sọ nǹkan kan!"

Mo bi í pé fìlà ẹ dà. Ó ní orí òun ló wà. Mo ní kó ya fọ́tò orí rẹ̀ àti Olófòófó pọ̀ kó fi ránṣẹ́. Ó rojọ́, ó yà á. Wọ́n jọ wà nínú fọ́tò, onífìlà àti aláìdéfìlà.

Máníjà ní òun ò já a mọ́. Ọ̀la ni wọ́n máa pa ẹ̀rọ láti tún wọn ṣe. Mo gbé bàtà mi jáde nínú páálí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Òní ni wọ́n tún ẹ̀rọ ilé yìnyín tàn. Oòrùn ò mú, òjò ò rọ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, ọkọ̀ kankan ò dé. Olófòófó pariwo.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ òórùn kankan. Àwọn tó kù ní ó tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Àbúrò mi ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó lọgun mọ́ wọn, ó fa èyí tó sún mọ́ ọn lápá, ó lé gbogbo wọn síta níwájú rẹ̀. Máníjà fi ìbòjú gáàsì bojú, ó wọlé lọ wò. Ibi tí wọ́n ti so páìpù tuntun mọ́ ara wọn ló ń jò, tí jíjò náà sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa jáde, òórùn ti dé ìta lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀rọ báyìí. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Ẹnu máníjà ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí. Ìgbà tí àbúrò mi gba fóònù, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ń mí gúlegúle.

"Àǹtí mi, mo sá o."

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ le, bóyá ojú rẹ̀ ríran, ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, nítorí pé Màámi ni, ó ní, "Fìlà ẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú ilé níbẹ̀, Màámi. Orí ìṣó ni mo fi kọ́. Mi ò dúró mú un."

Màámi, tó ń bá wa jà torí ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan! Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Jẹ́ kó wà níbẹ̀." Ó ti ń nawọ́ gán òwú.